Ẹ Ka Nọ́ńbà Ara Táyà Kí Ẹ Tó Sanwó

Kò sí òbí tó máa ń ra bàtà fún ọmọ rẹ̀ láìmọ bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣe tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í béèrè ju ohun kan ṣoṣo lọ. Bí a bá ti dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta táyà tòkunbọ̀, "Ẹ fún mi ní táyà 15" la máa ń wí. Bí iye rẹ̀ bá sì ti tẹ́ wa lọ́rùn, ó parí. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n irin àárín rẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Táyà méjì lè jẹ́ 15, kí wọ́n má sì bára mu rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi táyà kan tó wọ́pọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n kọ 195/65 R15 91H sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 195 ni fífẹ̀ táyà náà ní mílímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 127. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀. 15 ni ìwọ̀n rìmù, íǹṣì ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. 91 dúró fún ẹrù tí táyà kan lè gbé, èyí tí í ṣe kìlógíráàmù 615. H ní tirẹ̀ ń sọ pé eré ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 210 ní wákàtí kan lọ.

Bí ẹnì kan bá wá fi 205/70 R15 rọ́pò rẹ̀, yóò jókòó sórí rìmù kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò fi nǹkan bíi mílímítà 33 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó lè máa ha ara ọkọ̀ nígbà tí a bá ń yí ọwọ́. Bí aago iwájú awakọ̀ bá sọ pé 100 ni eré, 105 lọkọ̀ ń sá. Bí ó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú kan ṣoṣo la pààrọ̀, ọkọ̀ lè fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí a bá tẹ bíréèkì.

Ti ẹrù ṣe pàtàkì púpọ̀. Táyà tí wọ́n ṣe fún àwọn bọ́ọ̀sì akérò máa ń ní lẹ́tà C lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀, bíi 195 R14C. Ẹni tó bá fi táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sábẹ́ bọ́ọ̀sì tó kún fún èrò ń fi ẹ̀mí gbogbo wọn wewu.

Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà máa ń gbẹ bí ó bá ti pẹ́, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì nípọn. Irú rẹ̀ ló máa ń bẹ́ lójijì lórí eré nínú oòrùn.

Ti kẹ̀kẹ́ ológeere tún díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. 26 ni wọ́n ń pe táyà 26 x 1 3/8, 26 náà ni wọ́n ń pe 26 x 1.75. Ṣùgbọ́n rìmù mílímítà 590 ni ti àkọ́kọ́, 559 sì ni ti èkejì. Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà oníhàáfín lára táyà, bíi 37-590 tàbí 47-559. Ti iwájú ni fífẹ̀, ó lè yàtọ̀ díẹ̀ bí àyè bá wà fún un. Ti ẹ̀yìn ni rìmù, kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun yàtọ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó rẹ̀. Ìwọ̀n táyà àti ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dà á kọ, kì í ṣe lára táyà àtijọ́, nítorí ẹni tó lo ọkọ̀ náà ṣáájú yín lè ti ṣì í rà. Àwọn àgbà ní ìṣọ́ra loògùn ẹ̀mí.