Ibà Dengue: Kí Ló Dé Tí Ẹlẹ́ẹ̀kejì Fi Máa Ń Le Ju Ti Àkọ́kọ́ Lọ?

Nígbà tí Anvisa, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Bùràsíìlì, fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà dengue tí iléeṣẹ́ Butantan ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ohun tí àwọn oníròyìn tẹnu mọ́ jù ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò máa gún un. Ìròyìn ayọ̀ ni, nítorí àwọn tí wọ́n kà sí aláìsàn dengue níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 6 lọ́dún 2024 nìkan. Ṣùgbọ́n àrùn yìí ti wà tipẹ́. Kí ló wá dé tí àjẹsára rẹ̀ fi pẹ́ tó báyìí?

Ẹ̀yà mẹ́rin ni dengue ní. Ẹni tí ọ̀kan bá ṣe tó sì yè é, kì í sábà ṣe é mọ́ láyé. Àwọn mẹ́ta tó kù gan-an ni ìjàngbọ̀n. Bí òmíràn nínú wọn bá wọlé, antibody, èròjà tí ara ti pèsè sílẹ̀ láti bá ti àkọ́kọ́ jà, yóò dà bí ẹ̀ṣọ́ tó dá aṣọ àlejò mọ̀ tí kò dá ojú rẹ̀ mọ̀: yóò dì í mú, kò ní lè pa á, ni yóò bá mú un wọ inú sẹ́ẹ̀lì funfun lọ, ibi tó ti máa bímọ. Lẹ́yìn èyí ni omi inú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò kúrò nínú iṣan, ìfúnpá á sì já wálẹ̀. Scott Halstead, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Táílándì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé àlàyé yìí kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ bá a jiyàn.

Kúbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iyàn náà. Ní 1977, ẹ̀yà kìíní wọ erékùṣù náà, ó mú ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ní 1981, ẹ̀yà kejì dé: èèyàn 344,203 ló mú, 158 kú, 101 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ìjọba gbógun ti ẹ̀fọn tó ń gbé àrùn náà kiri débi pé dengue lọ sílẹ̀ pátápátá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹ̀yà kejì tún tó yọjú ní Santiago de Cuba ní 1997. Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn 12 ló kú, àgbàlagbà sì ni gbogbo wọn. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà ti 1977 kó o lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ wọn ni. Ìwádìí María Guadalupe Guzmán àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tó ti ṣe ti àtijọ́ rí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó le fún. Ogún ọdún ti kọjá, ẹ̀jẹ̀ kò gbàgbé.

Àwọn dókítà Kúbà kíyè sí nǹkan mìíràn ní 1981: dengue tó le kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú bíi ti àwọn aláwọ̀ funfun. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ọmọ Lukumí, ìyẹn ìran Yorùbá ní Kúbà, ti wà lára ìran àwọn dúdú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Bóyá ohun kan wà nínú àjogúnbá ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bo ènìyàn, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ sọ̀yà lé e. Kò dájú pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́kàn lé e, torí dengue pa èèyàn tó lé ní 600 ní Burkina Faso lọ́dún 2023.

Ohun tí antibody ń ṣe yìí náà ló ba àjẹsára Dengvaxia jẹ́. Ní Filipínì, wọ́n ti gún ọmọ tó lé ní 800,000 kí iléeṣẹ́ Sanofi tó kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2017 pé, bí ọmọ kò bá ṣe dengue rí kó tó gbà á, èyí tó bá mú un lẹ́yìn náà lè le sí i. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún ti di dengue àkọ́kọ́ fún un.

Antibody kan náà ń da àyẹ̀wò rú. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, fáírọ́ọ̀sì náà àti èròjà rẹ̀ tó ń jẹ́ NS1 wà nínú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò sì lè rí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, antibody ni wọ́n máa ń wá, òun náà sì jọ ti Zika àti ti ibà apọ́njú, tí arìnrìn-àjò ń gba àjẹsára rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní káàdì yẹ́lò. Èsì lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ní Nàìjíríà, yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn ti rí dengue nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ibà ń ṣe láàárín 1964 sí 1968. Síbẹ̀, nígbà tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, kéde pé ó bẹ́ sílẹ̀ ní Sókótó ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, tí àyẹ̀wò sì fi í hàn lára èèyàn 13, ó dà bí àlejò létí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó jọ pé oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dì la fi ń bo ọ̀pọ̀ dengue àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò mọ ẹni tí ẹlẹ́ẹ̀kejì ń dúró dè.

Nítorí náà, bí ibà bá ń ṣe yín tí àyẹ̀wò kò sì rí ibà ẹ̀fọn tí a mọ̀, ẹ béèrè àyẹ̀wò dengue kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Paracetamol ló yẹ. Bí ara bá sì ti rọlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta sí ìkeje, tí inú wá ń rọ́ni gan-an, tí èébì kò dá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi eyín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀: ìgbà yẹn gan-an ni dengue máa ń pani.