Abọ́ Tí Yóò Padà Di Ajílẹ̀: Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Ìnáwó ní Ìlú Bìní

Bí òjò bá rọ̀ lóru ọjọ́ ìnáwó, ẹ jáde lówùúrọ̀ kí ẹ wo gọ́tà iwájú ilé. Abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi bu ìrẹsì fún àlejò lánàá ni ẹ ó rí tó léfòó. Fóòmù fúyẹ́, ìdí nìyẹn tí omi fi ń gbé e kiri. Bó bá há sí ojú gọ́tà, ọ̀rá á kó lé e, omi kò ní ríbi gbà mọ́. Ilẹ̀ Bìní tẹ́jú. Omi tó bá dúró lójú títì kì í pẹ́ wọ pálọ̀. Èyí tó bá ráyè kọjá á wọ odò Ikpoba tàbí odò Ogba, tàbí kó jókòó sínú yàrà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Iya, èyí tí àwọn baba ńlá Ẹdó fi ọwọ́ gbẹ́ láti dáàbò bo ìlú. Fóòmù kì í jẹrà níbẹ̀. Ó kàn ń rún sí wẹ́wẹ́ ni.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù kìíní ọdún 2024. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ṣe tiwọn láti oṣù keje ọdún 2021, Íńdíà sì tẹ̀ lé e ní oṣù keje ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Styrene ni kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù. Ní ọdún 2018, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa àrùn náà. Oúnjẹ gbígbóná tó lépo sì lè fa díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde lára abọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun fóòmù lẹ́yìnkùlé: ọmọdé àti ẹni tí àyà ń dùn ni èéfín dúdú yẹn kọ́kọ́ ń mú.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè abọ́ yíyá

Ẹni tó fẹ́ yá yín ní kánópì àti àga, ẹ bi í bóyá ó ní abọ́ tánganran. Abọ́ tí a lè fọ̀ kí a tún un lò ló ṣáájú gbogbo èyí tí a ó sọ. Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa fọ abọ́, kí ẹ sì fowó wọn sínú ìṣirò ìnáwó.

Ewé

Abọ́ àlòdànù tó dára jù lọ ti wà lọ́wọ́ wa kí fóòmù tó dé. Ewé eéran, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín, ń hù nínú igbó ní gúúsù Nàìjíríà, ìdì ìdì ni wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Ó fẹ̀, kì í ya bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ìrẹsì ọ̀fadà nínú rẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ inú ewé ní òórùn tí abọ́ kankan kò lè fún un.

Ẹ tẹ́ ewé méjì sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré tàbí sórí abọ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ bu oúnjẹ lé e. Bí àlejò bá jẹun tán, ewé nìkan ni ẹ ó kó. Ọbẹ̀ tó ń ṣàn, irú omoebe, kò bá ewé lásán mu. Ẹ bu ìyẹn sínú abọ́ fífọ̀.

Ìmọ́tótó ewé ṣe pàtàkì. Ẹ fi omi tó mọ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ lójú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi omi mìíràn ṣàn án, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nù ún. Ẹ rà á bàbà lórí iná kó lè rọ̀, kó má ba à fàya. Èyí tó bá ti ń yọ̀ tàbí tó ti pọ́n, ẹ má lò ó. Ẹ má sì já ewé níbi tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko.

Ó dùn wá gan-an pé ní ọ̀pọ̀ òde, mọ́ínmọ́ín ti kúrò nínú ewé bọ́ sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rá náà sórí iná. Kí alásè tó gba owó àsansílẹ̀, ẹ sọ fún un pé ewé lẹ fẹ́.

Bó bá jẹ́ abọ́ ilé ìtajà

Èyí tí wọ́n fi ohun tó ṣẹ́ kù lára ìrèké ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán, ni a fara mọ́ jù. Ó máa ń gba ọbẹ̀ gbígbóná, ó sì ń jẹrà nínú kòtò lásán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtajà bóyá kò ní PFAS, kẹ́míkà tí àwọn kan ń fi sí i kí epo má lè wọ̀ ọ́, tí kì í kúrò nínú ilẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún abọ́ pépà tó ń dán. Ẹ rẹ ẹ̀ sínú omi di ọjọ́ kejì: bí pépà bá ṣí, tí ohun fẹ́lẹ́ kan bíi ọ̀rá sì ṣẹ́ kù, ike wà nínú rẹ̀. Ife àti abọ́ tó mọ́ gaara, tí wọ́n kọ PLA sí, àgbàdo ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní jẹrà lẹ́yìnkùlé yín. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ tó lè mú ooru dé nǹkan bí 58°C ló ń fẹ́, ọbẹ̀ gbígbóná á sì mú un wọ́. Ọ̀rọ̀ náà “biodegradable” lára páálí kò sọ ìgbà tàbí ibi tí abọ́ yóò ti jẹrà. “Compostable” pẹ̀lú àmì ìwọ̀n EN 13432 tàbí ASTM D6400 sàn jù ú lọ, àmọ́ ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ńlá ni wọ́n ṣe ìwọ̀n yẹn fún.

Ẹ kọ́kọ́ ra ẹyọ kan wò. Ẹ bu ọbẹ̀ gbígbóná sí i fún ìdajì wákàtí, kí ẹ gbé e sókè wò bóyá yóò jò tàbí yóò wọ́.

Lẹ́yìn àríyá

Bí ẹ bá di abọ́ ìrèké yìí sínú ọ̀rá tí ọkọ̀ pàǹtí sì gbé e lọ sí ààtàn ńlá bíi ti Ikhueniro, kò ní di ajílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí kò ní rí afẹ́fẹ́. Ẹ gbé agbọ̀n méjì síta, ọ̀kan fún ewé àti abọ́ ìrèké, ìkejì fún ìgò àti ọ̀rá, kí ọmọ kan sì dúró tì wọ́n, torí àlejò kì í wo àkọlé. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún. Ẹ fa abọ́ ya sí kékeré, ẹ yọ egungun kúrò, kí ẹ máa to ewé gbígbẹ lé e ní ìpele-ìpele. Ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ máa yí i po ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà tó bá tó bí oṣù mẹ́ta, bó bá ti dúdú tó sì ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ẹ bù ú sídìí úgwú.