Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Yan Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa máa ń wí. Ṣùgbọ́n baba tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò gbé irú ìlú tí àwa ń gbé lónìí, níbi tí ó jẹ́ pé nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ netiwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pariwo orúkọ wọn lórí rédíò, méjì péré ni ó ń jẹ́ bí a bá pè wọ́n, tí ẹ̀kẹta ń wá ní ọjọ́ tí ó bá wù ú, tí ẹ̀kẹrin kò sì ju orúkọ tí a tẹ̀ sára agbòòrùn àwọn ọmọ tí ń ta síìmù lẹ́nu ọjà lọ. Ẹni tí ó bá ń gbé Èkó Àkéte, Èkó ilé ọgbọ́n, lè sọ pé fáíbà ni òun fẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì fa okùn rẹ̀ wọ inú yàrá òun. Ẹni tí ó bá wà láàárín Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀ náà lè rí i, bí òpópónà rẹ̀ bá wà lára àwọn tí orí ṣe lóore. Ṣùgbọ́n àwa tí ilé wa wà ní Ìṣẹ́yìn, ní Ìkìrun, ní Ìkàrẹ́ Àkókó, tàbí ní àwọn àdúgbò titun tí ó ń yọ lẹ́yìn odi ìlú ńlá, inú afẹ́fẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wá bá wa, ohun tí ó ń pàdé lójú ọ̀nà kò sì níye.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ra ráútà nítorí pé ẹ̀gbọ́n wọn tí ń gbé Ìkẹjà yìn ín, tí wọ́n san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, kí wọ́n tó wá mọ̀ pé ohun tí ń sáré bí ẹṣin ní ilé ẹ̀gbọ́n kò lè ṣí ojú ìwé kan ṣoṣo ní ilé àbúrò. Ẹ má bi ara yín pé ilé-iṣẹ́ wo ni ó dára jù ní Nàìjíríà. Ẹ bèèrè èyí tí ó dára jù fún ilé yín, lórí ilẹ̀ tí a kọ́ ọ sí, lábẹ́ òrùlé tí a fi bò ó.

Abẹ́ òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú íntánẹ́ẹ̀tì wa ti ń bọ̀. Láti ọdún 2010 tí okùn MainOne ti gúnlẹ̀ sí Èkó, títí dé ọdún 2022 tí Google mú Equiano tirẹ̀ dé, àwọn okùn tí ó ń gba ìsàlẹ̀ alagbalúgbú omi wá láti Yúróòpù ti pọ̀ ju ti ìgbà tí SAT-3 ń dá iṣẹ́ náà ṣe lọ. Láti Èkó, fáíbà tí a rì sí ẹ̀gbẹ́ títì ni ó ń gbé e lọ sí ìgboro gbogbo, títí yóò fi dé ìdí òpó gíga tí yóò ti fò bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin, MainOne, SAT-3, WACS àti ACE, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní síìmù mẹ́ta ti ilé-iṣẹ́ mẹ́ta jókòó ti àwọn tí ó ní ẹyọ kan, tí wọ́n jọ ń wo ojú ara wọn.

Irú àjọpín bẹ́ẹ̀ wà lórí ilẹ̀ pẹ̀lú. Òpó tí ẹ rí lẹ́yìn ilé yín lè má jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ẹ ra síìmù rẹ̀ rárá. Láti ọdún 2014 tí MTN ti fa àwọn òpó rẹ̀ ní Nàìjíríà lé ilé-iṣẹ́ IHS lọ́wọ́, àwọn onílé òpó ni wọ́n ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sì lè so ẹ̀rọ wọn mọ́ òpó kan ṣoṣo. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ ìdí òpó náà, gbogbo wọn ni yóò dákẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí síìmù kejì gba òun lọ́jọ́ ìṣòro gbọ́dọ̀ wádìí bóyá èkejì máa ń dúró nígbà tí èkíní bá lọ. Àwọn onísọ́ọ̀bù tí ń fi POS sanwó fún ènìyàn ni mo máa ń bi ní irú ọ̀rọ̀ yìí, wọn kì í sì í tàn mí, nítorí pé ìgbàkigbà tí netiwọ́ọ̀kì bá lọ, òwò wọn ni ó dúró.

Nígbà ogun, ẹ̀yìn òkè àti abẹ́ àpáta ni àwọn baba ńlá wa sá sí: Ẹ̀gbá ọmọ Olúmọ, Ìdànrè tí òkè yí ká, Ìṣẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí. Òkè tí ó dá ẹlẹ́ṣin dúró nígbà náà kò mọ̀ pé ogun ti parí. Ó ń dá netiwọ́ọ̀kì dúró títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì tí ń gbé dátà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó wà ní 700 tàbí 800 megahertz a máa rìn jìnnà, a sì máa la ògiri kọjá. Èyí tí ó wà ní 2600, àti ní 3500 tí 5G ń lò láti ìgbà tí MTN ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2022, a máa gbé ẹrù púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, ewé igi lásán sì lè sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Páànù orí ilé wa ni ó burú jù nínú gbogbo ohun tí ń bá ìgbì ṣọ̀tá, nítorí pé irin ni. Lẹ́yìn èyí ni ti èrò. Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Ti netiwọ́ọ̀kì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo àwọn tí ó wà lábẹ́ òpó kan ni wọ́n jọ ń pín agbára rẹ̀, bí ó bá sì di aago mẹ́jọ alẹ́ tí oníkálukú ti wọlé, ohun tí ń sáré ní òwúrọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rákò.

Ẹ má tíì ra ráútà. Síìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó bá dé àdúgbò yín, kí ẹ so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN yín bí òfin ṣe wí, kí ẹ sì fi dátà kékeré sí i. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí ẹ bá tẹ *#*#4636#*#*, ojú ìwé kan yóò ṣí tí ẹ ó ti rí nọ́ńbà kan tí àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀, tí a kọ dBm sí lẹ́yìn, èyí tí ń sọ bí netiwọ́ọ̀kì ṣe lágbára tó. Bí ó bá ti súnmọ́ òdo tó ni ó dára tó: -85 dùn mọ́ni, -100 ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá ti di -115, ẹ má retí ire níbẹ̀. Ẹ rọra gbé fóònù náà káàkiri ilé, kí ẹ dúró díẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà tó fìdí múlẹ̀: pálọ̀, yàrá ẹ̀yìn, ẹnu fèrèsé tí ó kọjú sí òpó, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ó bá wà. Kì í ṣe ohun àjèjì kí yàrá ẹ̀yìn fi -112 hàn kí ẹnu fèrèsé pálọ̀ sì fi -96 hàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì sì ju èyí tí ó wà láàárín ráútà olówó pọ́ọ́kú àti ti olówó iyebíye lọ. Kí ẹ tún wò ó ní òwúrọ̀, kí ẹ wò ó ní alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lò ó, nítorí pé nọ́ńbà náà lè dára kí òpó sì kún àkúnya.

Ìgbà tí a bá ti mọ èyí ni ọ̀rọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀mù tó kàn. MiFi tí ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí oníṣòwò tí ń rìn kiri. Kò yẹ ilé elérò púpọ̀. Ráútà ìdí ògiri ni ó tọ́ sí ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ dára, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó ní ihò ẹ́ríà lẹ́yìn. Ilé tí ó bá jìnnà sí òpó, èyí tí a ń gbé kọ́ sára ògiri ìta, tí wáyà rẹ̀ ń wọlé, ni kí ó wá, nítorí pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ páànù. Bí Olúkòso bá sì ń bú ramúramù lójú ọ̀run, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán: ráútà tí ilé-iṣẹ́ ń tà ní ẹ̀dínwó, wọ́n ti tì í pa mọ́ síìmù tiwọn. Ní ìlú tí ilé-iṣẹ́ kò ju méjì lọ, èmi a máa gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó fi owó kún owó, kí ó ra èyí tí a kò tì, kí ó lè pààrọ̀ síìmù lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ya kọ̀lọ̀rànsí. Kí ẹ sì ka ara páálí rẹ̀ láti mọ band, ìyẹn oríṣi ìgbì, tí ó ń gbà. Band 20 ni 800, band 3 ni 1800, band 7 ni 2600. Ọ̀pọ̀ ráútà tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ni kò ní band 20 yìí, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń rìn jìnnà. Èyí tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá sábà máa ń ní in.

Owó oṣù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi fi í sí ìkẹyìn. Fíìmù tí ó mọ́ kedere lórí tẹlifíṣàn a máa jẹ nǹkan bíi gígì mẹ́ta ní wákàtí kan, tí ó fi jẹ́ pé ilé tí ó bá ń wo wákàtí méjì ní alaalẹ́ yóò ti jẹ 180 gígì kí oṣù tó pé, a kò sì tíì ka ti àwọn ọmọ tí ń wo TikTok lábẹ́ aṣọ ìbora. Bí a bá dín mímọ́ àwòrán náà kù, gígì kan lè tó wákàtí kan. Ní ti ìyára, ẹ mọ̀ pé 16 Mbps tí wọ́n kọ sínú ìpolówó kò ju megabáìtì méjì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí pé mẹ́jọ nínú ti ìpolówó ni ó ń di ọ̀kan nínú èyí tí a fi ń wọn fíìmù. Fíìmù tí ó tó gígì kan àti díẹ̀ yóò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí ara òpó bá yá. Ètò tí wọ́n bá pè ní unlimited, ẹ wá òpin rẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà wínníwínní. Ó wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì ti kọjá rẹ̀, ìyára yóò já wálẹ̀ títí oṣù yóò fi yí. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdajì kún owó wọn, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó máa ra dátà tí yóò kú sí i lọ́wọ́: oṣù kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi *323# wo èyí tí ó kù.

Ilé tí kò rí òpó kankan, Starlink ni ó kù fún un, èyí tí ó wọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023 ṣáájú orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ ń yí ayé ká ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè, nítorí náà òkè kì í sábà dí i lọ́wọ́, àfi igi máńgòrò tàbí ọ̀pẹ tí ó bá da ewé bo ojú àwo rẹ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wúwo. Àwo ńlá rẹ̀ a sì máa jẹ iná tó 50 sí 100 wáàtì, nígbà tí ráútà kékeré kì í sábà jẹ ju 10 tàbí díẹ̀ sí i lọ, èyí tí bátìrì kékeré olówó pọ́ọ́kú lè gbé fún wákàtí mélòó kan nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹni tí kò ní ínfátà kí ó rò ó dáadáa.

Bí ẹ bá ti san owó tán tí nǹkan kò sì lọ bí ó ti yẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, 622 ni nọ́ńbà NCC, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ẹ ti kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà dBm ilé yín sílẹ̀ kí ẹ tó pè, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín ni pé ṣé ẹ ti pa ráútà náà kí ẹ tún un tàn.