Ìdí-Igi àbí Orí-ò-jorí: Èwo Ni Òfin?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n gbé búrẹ́dì méjìlá wá sí họ́sítẹ́lì fún yàrá méjì. Èèyàn méjì ló wà ní yàrá kìíní, mẹ́wàá wà ní yàrá kejì. Bí a bá fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní mẹ́fà, yàrá kejì á pariwo pé ebi ń pa àwọn. Bí a bá sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, yàrá kìíní á ní, “Ṣebí iye ilẹ̀ kan náà ni yàrá méjèèjì ń gbá?” Ta ló jàre?

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló máa ń wáyé nílẹ̀ Yorùbá bí bàbá tó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ bá kú láìkọ ìwé ìhágún. Bí a bá pín ogún bíi yàrá sí yàrá, ìdí-igi nìyẹn. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí kan, iye kan náà sì ni ìdí kọ̀ọ̀kan máa gbà, ìbáà jẹ́ ọmọ kan ló bí tàbí mẹ́fà. Bí a bá ka orí àwọn ọmọ, orí-ò-jorí nìyẹn: kò sọ́mọ tó máa gbà ju èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù l'Ékòó, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Bàbá kan kú, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọwọ́ ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí-igi kò bá òdodo mu mọ́, kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kóòtù àpapọ̀ yí i padà ní 1958. Wọ́n ní ìdí-igi kò tíì kú, àwọn èèyàn ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ń jà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí, ohun tó bá sì sọ labẹ gé. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fọwọ́ sí i níbẹ̀ ní 1962.

Ṣé ẹ rí i? Adájọ́ kò lè jókòó sórí àga kó kàn máa dá ohun tó wù ú. Ó gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe nílé. Iṣẹ́ sosiọ́lọ́jì nìyẹn, ẹ̀kọ́ nípa bí àwùjọ ṣe ń gbé pọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àṣà ni kóòtù máa ń gbà. Ní 2014, kóòtù tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé àṣà Ìgbò tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún bàbá rẹ̀ lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ wa. Nítorí náà, òfin ń wo àwùjọ, àwùjọ náà ń wo òfin.

Ìdí tí mo fi ń ro ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Èmi nìkan ni màmá mi bí. Ìyàwó bàbá mi kejì bí mẹ́rin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìdí-igi, inú mi dùn, torí ìdajì ni tèmi. Àmọ́ àbúrò mi tó kéré jù ló máa ń sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ mi lẹ́nu géètì tí mo bá ti ilé ìwé dé. Báwo ni màá ṣe wò ó lójú pé kí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta pín ìyókù?

Nígbà họ́lidé, mo bi bàbá mi bóyá wọ́n ti kọ ìwé ìhágún. Wọ́n ní, “Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?” Gbogbo ilé dákẹ́. Òfin gbà wọ́n láyè láti kọ ọ́, àmọ́ àṣà ilé wa kò gbà kí ọmọ dárúkọ ikú bàbá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àṣà lè lágbára ju òfin lọ.

Ẹ béèrè nílé yín o. Ṣùgbọ́n ẹ fọgbọ́n béèrè.