Ẹ̀rọ Ìfọkọ̀ Olówó Pọ́ọ́kú: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Rà Á?

Ní agbègbè Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ohun tí a fọ̀ lánàá kì í pẹ́ dọ̀tí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku òpópónà ńlá tí ó ti Oṣòdì lọ sí Àpápá a máa bà lé ọkọ̀, ògiri àti fèrèsé. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ táyà, ohun tútù aláwọ̀ ewé tí í mú kí ẹsẹ̀ ènìyàn yọ̀ a sì máa hù sórí kọnkéré àgbàlá. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé ẹ̀rọ kan tí ń lo iná mànàmáná, tí í tú omi jáde bí ẹni ta ọfà, ti di ohun tí ojú ń wọ̀ lọ́jà. Prẹ́ṣọ̀ wọ́ṣà ni wọ́n ń pè é. Nínú àròkọ yìí, a ó máa pè é ní ẹ̀rọ ìfọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó ń fọ̀. Èyí tí ó wọ́n wà, èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n sì wà. Èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni ó ń fa ojú ẹni tí àpò rẹ̀ kò kún mọ́ra. Baálé ilé kan lè fẹ́ rà á kí àgbàlá rẹ̀ lè mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti parí ilé-ìwé, tí iṣẹ́ kò sì tètè yọjú, lè kó gbogbo owó tí ó fi ọdún kan dá ní èsúsú lé e lórí, kí ó lè máa fọ ọkọ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀rọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó tọ́ sí ọ̀kan kò tọ́ sí èkejì.

Irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1950 ni Alfred Kärcher, ará Jámánì, ṣe ẹ̀rọ tí ń fi omi gbígbóná àti agbára fọ nǹkan, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1984 kí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé èyí tí ó ṣe é gbé lọ́wọ́ jáde fún ìlò ilé. Mọ́tò iná kan wà nínú rẹ̀, tí í yí àwo kan tí a gbé sí dídagun. Bí àwo náà ti ń yí, a máa ti ọ̀pá kékeré mẹ́ta síwá sẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀pá kan bá fà sẹ́yìn, omi á wọlé. Nígbà tí ó bá padà síwájú, á ti omi náà jáde, fáàfù kékeré kan kò sì ní jẹ́ kí omi náà padà sí ibi tí ó ti wá. Omi kò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí a bá fi ipá tì í gba ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ, eré burúkú ni yóò fi jáde. Ọmọ tí ó bá ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi rí ti mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bar ni a fi ń wọn agbára náà. Bar kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá lára lójoojúmọ́. Bí a bá sì gbé táńkì omi ga ní mítà 10, omi tí ó dé ìsàlẹ̀ yóò ní agbára bar kan péré. Ẹ̀rọ ìfọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú a máa ní tó bar 100 nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Agbára rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ara páálí ni irọ́ máa ń wà.

Iye méjì ni a sábà máa ń kọ sára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: agbára tí ó fi ń ṣiṣẹ́, àti èyí tí ó pọ̀ jù lọ tí ara rẹ̀ lè gbà. Èkejì ni òǹtajà í máa ké tantan. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, bar 200 ni!” Bí ó bá wí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jà, ẹ jẹ́ kí ó yí ẹ̀rọ náà padà kí ẹ lè ka àwo kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìṣirò yìí. Ẹ fi iye bar sọ iye lítà omi tí ó ń tú ní ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, kí ẹ wá fi 600 pín in. Ohun tí ó bá jáde ni iye kílówáàtì tí omi náà ń gbé lọ. Bar 100 lọ́nà lítà 6, tí a fi 600 pín, jẹ́ kílówáàtì 1, èyí tí í ṣe wáàtì 1,000. Mọ́tò tí ń jẹ wáàtì 1,400 lè ṣe èyí, nítorí pé ooru àti ariwo á gba díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ bar 200 àti lítà 8 sára ẹ̀rọ kan náà, ìṣirò wa yóò fún wa ní wáàtì tí ó lé ní 2,600. Mọ́tò wo ni yóò fún omi ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò rí gbà? Kí ẹni tí ń rajà má sì gbàgbé iye lítà, nítorí agbára ni í ṣí ìdọ̀tí nípò, omi ni í gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yìí yóò jẹ owó iná wọn tán. Ẹ̀rù náà kò ní ìdí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe àkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà gbé owó iná àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Owó náà ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi iye yẹn ṣirò. Ẹ̀rọ wáàtì 1,400 tí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 yóò jẹ iná tí owó rẹ̀ kò tó náírà 80. Kì í ṣe owó iná ni ìṣòro, bí kò ṣe irú iná tí ó ń wọlé. Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, tí gílóòbù ń ṣẹ́jú bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, mọ́tò yóò máa jìjàkadì, ara rẹ̀ yóò sì gbóná. Wáyà gígùn tín-ín-rín tí a fi fa iná láti inú ilé dé ẹnu géètì a tún máa dá kún un. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará Èkó sọ ní “mo sàn ju aládùúgbò mi lọ,” tí kò tó wáàtì 1,000, kò lè gbé ẹrù yìí rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, tí fóòtì rẹ̀ jẹ́ 120, yóò jóná lójú ẹsẹ̀ bí a bá kì í bọ iná wa, tí ó jẹ́ 230.

Omi náà ní tirẹ̀. Òtítọ́ ni pé ẹ̀rọ tí ń tú lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan kò ná omi tó rọ́bà tí a ṣí sílẹ̀ gbàù. Ṣùgbọ́n fún ìṣẹ́jú 15, lítà 90 ni yóò lò, ẹni tí ó bá sì mọ garawa àti kànìnkànìn lò dáadáa lè fọ ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú omi tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsọlọ̀ ń fa omi láti inú kànga ẹlẹ́rọ sí táńkì. Kí a tó rajà, ó yẹ kí a gbé garawa lítà 10 sí ẹnu ẹ̀rọ omi tí a fẹ́ lò. Bí kò bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan, ebi omi yóò máa pa ẹ̀rọ ìfọkọ̀ náà, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú rẹ̀, àwọn rọ́bà tí ń dá omi dúró nínú rẹ̀ yóò sì jẹ tán. Iyanrìn àti ìpẹtà láti inú kànga a máa ṣe irú ìparun kan náà, nítorí náà kí a má ṣe yọ asẹ́ ẹnu rẹ̀ sọnù nítorí pé ó ń dí.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ó ṣí ẹrẹ̀ kúrò lára táyà àti abẹ́ ọkọ̀, kí ó sì fọ kọnkéré, géètì àti gọ́tà. Epo ẹ́ńjìnnì kì í gbọ́ràn sí omi tútù lẹ́nu, bí ó ti wù kí agbára rẹ̀ pọ̀ tó. Kí àwọn tí ń tú ẹ́ńjìnnì ní ọjà Ládípọ̀ má tíì sọ ọṣẹ wọn nù. Ohun kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ fi í fọ̀ láéláé: òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí ó ṣì wà lórí àwọn ilé àtijọ́. Omi alágbára á fọ́n eruku rẹ̀ káàkiri, ẹni tí ó bá sì fà á símú lè kó àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Bí omi rẹ̀ bá gún ènìyàn lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ lè kéré bí ibi tí ẹ̀gún ti gúnni, kí inú ẹran ara sì ti bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí a máa sáré lọ, kí a má ṣe fi àgbo wẹ̀ ẹ́ kí a wá jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sọ́dọ̀ àwọn òǹrajà wa méjèèjì. Baálé ilé ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀, èyí tí ó jẹ́ wákàtí 13 ní ọdún kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa, bí ọjà bá tà, yóò fọ ọkọ̀ mẹ́wàá lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 15 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí méjì àbọ̀; bí ó bá ṣe é fún ọjọ́ mẹ́fà, ó di wákàtí 15. Ohun tí ẹ̀rọ baálé ilé kò ṣe ní ọdún kan gbáko, tirẹ̀ yóò ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan! Mọ́tò ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú sì sábà máa ń ní èédú kékeré méjì tí ń fara ha ibi tí ó ń yí, tí wọ́n sì ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ìdajì inú rẹ̀ lè jẹ́ ike. Kò sì sí ẹni tí ó rọ ọ́ fún àṣelàágùn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní tèmi, baálé ilé lè rà á bí iná àti omi rẹ̀ bá dára, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi owó rẹ̀ pamọ́. Ohun tí ó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ọ̀pá inú rẹ̀ wà nínú irin, tí bẹ́líìtì ń yí, tí ó lè fa omi láti inú dúrọ́ọ̀mù, tí a sì lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó wọ́n ju èkejì lọ dáadáa. Nítorí náà, kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pa owó pọ̀, tàbí kí ó fi garawa àti ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ títí owó yóò fi pé. Oníbàárà ń wo bí ọkọ̀ rẹ̀ ti mọ́ tó, kì í wo ohun tí a fi fọ̀ ọ́.

Kí ẹni tí ó bá pinnu láti rà á má ṣe san owó kí wọ́n tó so iná àti omi mọ́ ọn lójú rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí omi ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá kí atẹ́gùn lè tán nínú rọ́bà, kí ó tó tan mọ́tò. Kí ó tẹ ọwọ́ ìbọn omi náà fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó sì fetí sílẹ̀. Bí mọ́tò bá dákẹ́, tí ó sì dákẹ́ síbẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń dákẹ́ tí ó tún ń sọ, tí ó ń dákẹ́ tí ó tún ń sọ, láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, omi ń jò níbì kan nínú rẹ̀. Kí wọ́n gbé òmíràn wá.