Bí Iná Bá Lọ Lójijì: Ètò Ìtọ́jú Fáìlì Wo Ló Yẹ Linux Yín?

Ẹni tó bá ń tẹ̀wé fún àwọn èèyàn ní Pobẹ̀ tàbí Sakẹ́tẹ́ mọ̀ pé iná lè lọ nígbàkugbà, kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní onduleur. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ nígbà tí dísìkì ń kọ nǹkan lọ́wọ́.

Ètò ìtọ́jú fáìlì ló ń pinnu ìyẹn. Òun ló mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí dísìkì, òun ló sì mọ ibi tó ṣófo. Ext2, tó jáde ní 1993, kò ní ìwé àkọsílẹ̀ kankan. Bí iná bá lọ, Linux á yẹ gbogbo dísìkì wò kó tó ṣí, ó sì lè pẹ́ gan-an. Ext3 mú ìwé náà wá ní 2001, ext4 tó gbòde láti 2008 sì ń lò ó títí dòní. Bí alájọ tó kọ iye owó sínú ìwé kó tó kó o sápò ló ṣe ń ṣe é: ó kọ ohun tó fẹ́ yí padà sílẹ̀, kó tó yí i padà. Bí iná bá dé, ó lè kọ “recovering journal” sójú kọ̀ǹpútà, kì í sì í pẹ́ tó fi parí. Àmọ́ ẹ fiyè sí i: ètò fáìlì ni ìwé yẹn ń dáàbò bò, kì í ṣe lẹ́tà tí ẹ ò tíì tọ́jú. Ẹ máa tẹ Ctrl àti S lóòrèkóòrè.

Btrfs, tó wọ Linux ní 2009, gba ọ̀nà mìíràn. Kì í kọ nǹkan lé ti àtijọ́ lórí. Ibi tó ṣófo ló ń kọ tuntun sí, ìgbà tó bá parí ló tó ń darí ètò sí i. Bí iná bá lọ láàárín, ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń ya àwòrán ipò dísìkì, kí ẹ lè padà sẹ́yìn bí àtúnṣe bá bàjẹ́, ó sì máa ń sọ fún yín bí dísìkì bá ti ń ba fáìlì jẹ́. Fedora Workstation ti ń lò ó láti 2020. Ṣùgbọ́n ó lè fà lórí dísìkì àtijọ́ tó ń yí, ó sì ń fẹ́ àmójútó bí ó bá ti ń kún.

XFS dára fún fáìlì ńláńlá, ṣùgbọ́n kò ṣe é dín kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín in. ZFS lágbára, àmọ́ kò sí nínú Linux fúnra rẹ̀, ó sì fẹ́ràn mẹ́mọ́rì púpọ̀.

Ti clé USB yàtọ̀. FAT32 kì í gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, nítorí náà, ayafídíò ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ lo exFAT.

Fún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà fún ìwé títẹ̀, ext4 ni mo fara mọ́. Ẹ tẹ “df -T” kí ẹ rí èyí tó wà lórí tiyín, kí ẹ sì ra dísìkì kejì fún ẹ̀dà iṣẹ́ yín. Kò sí ètò kankan tó lè gba fáìlì padà nígbà tí dísìkì bá kú pátápátá.