Gloria Coruzzi àti ìrìn náítírójìn nínú irúgbìn

Nínú gbogbo oúnjẹ tí gbòǹgbò ń fà látinú ilẹ̀, náítírójìn ni irúgbìn ń jẹ jù. Bí irúgbìn ṣe ń mọ̀ pé ó wà nílẹ̀, bí ó ṣe ń gbé e láti gbòǹgbò dé ewé, àti bí ó ṣe ń pín in fún èso, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Gloria Coruzzi ti Yunifásítì New York ti fi nǹkan bí ogójì ọdún wádìí. Yàrá ìwádìí rẹ̀ kò jìnnà sí Washington Square, ní Manhattan, níbi tí oko ti ṣọ̀wọ́n. Bí èèyàn bá rí àgbàdo lójú pópó níbẹ̀, a jẹ́ pé gúgúrú ni.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náítírójìn le ni pé ó pọ̀ yí wa ká, síbẹ̀ ọwọ́ irúgbìn kò tó o. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, náítírójìn kó nǹkan bí 78 níbẹ̀, ṣùgbọ́n méjì-méjì ló so mọ́ra pinpin, irúgbìn kò sì lè tú u. Nínú ohun abẹ̀mí, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan nìkan ló lè tú u, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń gbé inú gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, tàbí tó ń fi ilẹ̀ tó ti ṣá sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ wọn bí kò tilẹ̀ rí wọn rí. Ní 1909, Fritz Haber, ọmọ Jámánì, rí ọ̀nà láti sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di amóníà. Nígbà tó di 1913, Carl Bosch ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Oppau. Ọgbọ́n kan náà ni ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lekki ń lò. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 2022, agbára rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 3 yúríà lọ́dún.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ajílẹ̀ tí a dà sílẹ̀ ni irúgbìn ń jẹ. Àwọn irúgbìn oníhóró bí àgbàdo, ìrẹsì àti àlìkámà kì í sábà gbà tó ìdajì rẹ̀. Òjò ń gbá ìyókù lọ sínú odò, òmíràn sì ń di gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Ìṣòro àwọn ibi bí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ìfiṣòfò yìí. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, òdìkejì ni: ajílẹ̀ tí ń bọ́ sílẹ̀ kéré. Ní Àbújá ní 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé àwọn yóò gbé e láti nǹkan bí kílò 8 sí kílò 50 lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì débẹ̀. Irúgbìn tó lè fi díẹ̀ ṣe púpọ̀ wúlò fún ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irúgbìn.

Ìlú New York ni Coruzzi ti kàwé tó sì ti ṣiṣẹ́. Ó gboyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Fordham ní 1976, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì New York ní 1979. Ìwúkàrà ló kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ ní Columbia, kò tíì kan ewéko. Ní Yunifásítì Rockefeller, lọ́dọ̀ Nam-Hai Chua, ló ti yà sọ́dọ̀ irúgbìn. Ní 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí green peas, èyí tí àwọn alásè ń kó sínú fúráì ráìsì: jíìnì kan wà nínú rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn tí òkùnkùn sì ń pa. Ìbéèrè nípa ọ̀sán àti òru yìí kò tún kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ìdí ni pé náítírójìn kì í sábà dá rìn nínú irúgbìn. Bí ó bá ti wọlé, irúgbìn máa ń so ó mọ́ kábọ́ọ̀nù tó rí látinú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ó tó di ẹrù tó ṣeé gbé. Glutamine ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ẹrù náà: náítírójìn 2 lórí kábọ́ọ̀nù 5. Èkejì ni asparagine: náítírójìn 2 lórí kábọ́ọ̀nù 4. Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣú kí irúgbìn tún rí kábọ́ọ̀nù tuntun. Ní 1990, Coruzzi àti Fong-Ying Tsai fi hàn pé inú òkùnkùn gan-an ni àwọn jíìnì tó ń jẹ́ kí irúgbìn ṣe asparagine máa ń jí. Bí ó bá di alẹ́, green peas á di ẹrù rẹ̀ lọ́nà tí kò ní ná an ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀. Ẹni tí owó ọkọ̀ ń wọ́n lọ́wọ́ mọ irú ìṣírò bẹ́ẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò mìíràn tó dára láti wò fínnífínní. Oríṣi jíìnì méjì ló ń ṣe glutamine nínú ewé green peas, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí tí ọ̀kan kò fi tó. Wọ́n gé apá tó ń tan jíìnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n so ó mọ́ èròjà kan tó ń mú ibi tó bá wà yí padà di àwọ̀ búlúù, wọ́n sì fi sínú tábà. Nígbà tí wọ́n la tábà náà wò, búlúù ti àkọ́kọ́ wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé, níbi tí oòrùn ti ń ṣiṣẹ́. Ti èkejì wà nínú àwọn ọ̀pá tóóró tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Ọ̀kan ń kó amóníà tó ń yọ nínú ewé jọ kí ó má baà ṣòfò, èkejì ń di ẹrù ìrìnàjò. Iṣẹ́ wọn jọra, ipò wọn ni kò jọra.

Coruzzi wá sí Yunifásítì New York ní 1993. Arabidopsis, ewéko kékeré kan tó jẹ́ ìbátan kábéèjì, ni ó fi ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó ti hù, ó ti so, òun sì ni ewéko àkọ́kọ́ tí a ka gbogbo DNA rẹ̀, ní 2000. Ní 1998, ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn jíìnì kan nínú rẹ̀ jọ àwọn èyí tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ èèyàn fi ń gbọ́ iṣẹ́ tí a fi glutamate rán sí wọn. Ohun ìyàlẹ́nu ni èyí nígbà náà, nítorí ewéko kò ní ọpọlọ. Ní 2003, wọ́n fi hàn pé bí jíìnì asparagine kan bá ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, náítírójìn inú hóró ewéko náà á pọ̀ sí i.

Ibòmíràn ni wọ́n ti rí ilẹ̀kùn tí náítírójìn ń gbà wọ gbòǹgbò. Yi-Fang Tsay àti Nigel Crawford rí i ní Kalifọ́níà ní 1993, Tsay sì fi hàn ní 2009 pé ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ ń mọ ìwọ̀n ohun tó wà níta. Ohun tó ń tẹ̀ lé e nínú ilé ni ẹgbẹ́ Coruzzi gbájú mọ́: láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí náítírójìn bá dé, ọ̀pọ̀ jíìnì á ti yí iṣẹ́ wọn padà. Ní 2014 wọ́n ṣàlàyé bí èròjà kan, bZIP1, ṣe ń ṣe é. Ó dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn, tó jí onílé, tó sì ti bá tirẹ̀ lọ kí onílé tó yọjú, ṣùgbọ́n onílé kò padà sùn. Àwọn tó ń wá ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nìkan kò lè rí i.

Ìbéèrè tó tọ́ láti bi irú ìwádìí báyìí ni èwo ló kan àgbàdo nínú rẹ̀. Arabidopsis àti àgbàdo ti yà láti ọdún tó lé ní mílíọ̀nù 100 sẹ́yìn, ohun tó bá sì dára nínú yàrá lè kú sínú oko. Ìdáhùn tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ni láti kọ́ kọ̀ǹpútà pé kí ó fi àwọn jíìnì tí ìṣesí wọn sí náítírójìn kò yàtọ̀ nínú méjèèjì sàsọtẹ́lẹ̀ bí irúgbìn kan yóò ṣe lo náítírójìn tó. Wọ́n dán díẹ̀ nínú àwọn jíìnì tó tọ́ka sí wò, ó sì bá a mu. Ìyẹn kò tíì di irúgbìn tí àgbẹ̀ ń rà lọ́jà.

Ọdún 2019 ni wọ́n yàn án sí National Academy of Sciences ti Amẹ́ríkà. Ní 2021 bákan náà, òun àti Rodrigo Gutiérrez, ọmọ Chile tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí, tẹ àbájáde iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá jáde láti aṣálẹ̀ Atacama, ọ̀kan nínú ibi tó gbẹ jù láyé. Àwọn ewéko tí wọ́n já níbẹ̀ ni wọ́n kó sínú náítírójìn olómi, tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, kí wọ́n má baà bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fi jíìnì ewéko 32 wé ti àwọn ìbátan wọn tó ń gbé ibi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, jíìnì 265 ló yọ jáde pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láti la ìnira náà já. Àwọn kan nínú ewéko náà jẹ́ ìbátan irúgbìn oníhóró, ẹ̀wà àti ànàmọ́ òyìnbó. Wọ́n tún yẹ erùpẹ̀ tó wà lẹ́bàá gbòǹgbò wọn wò, wọ́n sì bá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ran ewéko lọ́wọ́ láti rí náítírójìn níbẹ̀.